Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá àti Ẹ̀yìn Odi: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Òwò Lágbègbè Wa

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kọ ìtàn bí a ṣe dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ sí ojú ewé mìíràn, a kò ní tún un kọ. Ìtàn tí a fẹ́ sọ níhìn-ín jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń fa awuyewuye nínú ìpàdé wa láti ọdún tó kọjá, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò wa tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní owó ni ká máa fún wọn. Àwọn kan ní ká wá ọ̀nà tí wọn yóò fi dé Lọ́ńdọ̀n tàbí Dúbáì, kí ojú wọn là. Àwọn mìíràn sì ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù, oúnjẹ tutù kí a tó jẹ ẹ́.

Àwa tí a ń kọ èyí, iṣẹ́ báǹkì la fi ń jẹun. Ẹni tó wá yá owó tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, a ń rí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òun náà a ń rí i, òun ló sì pọ̀ jù. A wo ìtàn àwọn ìlú tó yí wa ká láti mọ bí àwọn tó ti ṣe é rí ṣe ṣe é. Ohun tí a rí ni pé òótọ́ ni pé àjò ń lani lójú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí àjò sọ di oníṣòwò ló ní ẹnìkan tó gbà wọ́n sílé níbẹ̀, tó fi ọjà lé wọn lọ́wọ́, tó sì ń bi wọ́n léèrè èrè ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Iléṣà kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ifẹ̀ kò ní pẹ́ débẹ̀. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kó aṣọ tẹ̀lé e, àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó ekùrọ́ àti owó kòkó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ìsọ̀ òyìnbó dé abúlé tí ọkọ̀ kò dé. Àárín yẹn ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà rí jẹ. Wọ́n ra aṣọ, wọ́n rù ú lọ sí Èkìtì, sí Àkókó, títí dé ilẹ̀ Nupe, wọ́n sì ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè ń sọ ìtàn, oníṣòwò yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Àwọn ẹlòmíràn fi ń bú wọn. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gba èébú náà, wọ́n sọ ọ́ di oríkì.

Òṣó yẹn ni gbogbo ayé ń rántí. Èyí tí àwa kà sí jù ni ọmọ tó ń ru ẹrù tẹ̀lé Òṣómàáló. Ènìyàn kì í dédé jí lọ́jọ́ kan kó di Òṣómàáló. Wọ́n máa ń fa ọ̀dọ́mọkùnrin lé ẹ̀gbọ́n, ìbátan tàbí ará àdúgbò tó ti wà lẹ́nu òwò náà lọ́wọ́ ni. Yóò ru aṣọ, yóò dáná, yóò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, yóò sì máa wò. Ta ni à ń fún láwìn, ta sì ni a kì í fún? Ìgbà wo ni à ń padà lọ gba owó? Ìgbà tí wọ́n bá kórè ni, torí pé ẹni tó bá lọ ṣáájú ìkórè kàn ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò ni. Èló ni à ń fi lé owó aṣọ kí ó lè gbé ti ẹni tí kò ní san mọ́? Kò sí ẹni tó kọ ìdáhùn wọ̀nyí sí ìwé fún un. Ojú ló fi ń rí i, lójú ọ̀nà, láti abúlé kan dé èkejì, ọdún lẹ́yìn ọdún.

Nígbà tó bá yá, ọ̀gá á tú u sílẹ̀. Ibi tí òwò náà wà gan-an nìyí. Ó lè fún un ní ìwọ̀n aṣọ díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè dúró fún un lọ́dọ̀ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ra ọjà: ọmọ mi nìyí, ẹ fún un, bí kò bá san, èmi ni kí ẹ mú. Ní báǹkì lónìí, fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́jọ la fi ń wá ohun tí gbólóhùn kan yẹn ń sọ, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé a kì í rí i. A ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́ọ̀mù ní ogún ọdún; kò sí ọ̀kan tó béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ yá owó lè lóṣòó.

Ìlú Iléṣà yìí kan náà ni Olóyè Lawrence Omole ti dá International Breweries sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1971. Òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Trophy tó wà lórí tábìlì àwọn kan nínú yín báyìí, ibẹ̀ ló ti wá. (Ẹ rọra o, ìtàn ṣì kù.) Oṣù Kejìlá 1978 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀, agbára ẹ̀rọ wọn sì jẹ́ 200,000 hectolitre lọ́dún, hectolitre kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún lítà. Nígbà tí yóò fi di 1982, ó ti di 500,000. Ẹ wo ọdún méje tó wà láàrín ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí ìgò àkọ́kọ́ jáde. Àwọn àbúrò wa tó ń fẹ́ èrè lóṣù kẹta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1988, ilé-iṣẹ́ náà bá Brauhaase ti ilẹ̀ Jámánì, tó wà lábẹ́ àwọn apọntí Warsteiner, ṣe àdéhùn ìmọ̀ iṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn odi ti gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Nígbà tí a bá ń sọ pé kí ojú ọmọ là, bàálù la máa ń rò. Àwọn ará Iléṣà ṣe é lódì kejì: wọ́n mú ìmọ̀ Jámánì wá sí Òmi-Àṣọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì kọ́ ọ láìfi ilé sílẹ̀. Lónìí, ilé-iṣẹ́ AB InBev tí gbogbo ayé mọ̀ ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bóyá ó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ àwọn àlejò bẹ́ẹ̀, ìyẹn yóò dúró de ọjọ́ mìíràn.

Àwọn tó rin ìrìn àjò ní tòótọ́ wà lápá òkè wa. Èjìgbò, Ìníṣà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí: ní gbogbo ìlú wọ̀nyí, ẹ ó rí ilé tí wọ́n fi owó Gánà kọ́. Látìgbà tí wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ. Kòkó wà níbẹ̀, góòlù wà níbẹ̀, rélùwéè ti dé Kumasi ní 1903, àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ sì ń wá ohun tí wọn yóò rà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, àwọn Yorùbá ibẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Kò sí ọjà ńlá kan tí ẹ kò ní bá wọn, láti Accra títí dé Tamale.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọ̀hún? Kì í ṣe gbogbo wọn ló dédé gbéra. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ á wálé ọdún, nígbà tó bá sì ń padà, á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan dání. Ọmọ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ nínú ìsọ̀. Àtẹ ni wọn yóò gbé lé e lórí: abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ, ìṣáná, dígí kékeré. Yóò kiri, yóò gbọ́ èdè, yóò mọ iye tí nǹkan ń jẹ́, yóò mọ àdúgbò tí wọ́n ti ń rà àti àdúgbò tí wọ́n kàn ń náwó láì ní rà. Nírọ̀lẹ́, yóò jíṣẹ́ owó. Bí ó bá ṣe dáadáa fún ìwọ̀n ìgbà kan, ọ̀gá á fún un ní owó díẹ̀ láti fi ra ọjà tirẹ̀. Nígbà tó bá ní àyè tirẹ̀ nínú ọjà, òun náà á wálé, á sì mú àbúrò kan lọ. Àwọn ìyá wa níbẹ̀ ní òwò tiwọn lọ́tọ̀. Ọkọ lè fún ìyàwó ní ojú owó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, èrè ìyàwó, ti ìyàwó ni.

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tí wọn kò mọ ilé rí, gbogbo wọn di ẹrù. Wọ́n ta ọjà ní ẹ̀dínwó tó ń pa èèyàn lẹ́kún. Gbèsè tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà bọ́ sómi. Ẹ wo ẹni tó máa lóṣòó nígbà tí ọlọ́pàá ń lé e. Ó dùn wá láti fi kún un pé ní oṣù Kìíní 1983, orílẹ̀-èdè tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Gánà.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀gá kò lè fi kọ́ ọmọ bí òun náà kò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀gá wa ní Gánà mọ ọjà, wọ́n mọ èdè, wọ́n mọ ẹni tó ń san owó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé, torí náà wọn kò kọ́ àwọn ọmọ wọn láti ní in. Ẹni tó ń sọ pé ká rán àwọn àbúrò wa jáde, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ ìwé kó tó sọ̀rọ̀ bàálù. A sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé, a sì tún sọ ọ́ níhìn-ín.

Àwọn tó padà wálé kò padà lófo pátápátá. Ẹni tó ti mọ òwò yóò tún ṣe òwò, ọ̀pọ̀ wọn ló sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ìlú ńlá wa nílé. Àwọn ará Èjìgbò ní tiwọn ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní Côte d'Ivoire, títí dòní ni wọ́n sì pọ̀ ní Abidjan débi pé ẹ lè wọ ọkọ̀ ní Èjìgbò tó ń lọ síbẹ̀ tààrà, ẹ ó sì gbọ́ Faransé láàrín ọjà Èjìgbò. Ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni o! Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ṣe é: ẹnìkan lọ, ó fìdí kalẹ̀, ó fa ẹnìkejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá láyè díẹ̀ ká sọ ti báǹkì, nítorí ẹni tó bá ní iṣẹ́ kan ló máa ń rò ó. Ní nǹkan bí ọdún 1929, ọmọ Gold Coast kan tó ń jẹ́ Winifried Tete-Ansa, tó ti rin Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé báǹkì àwọn aláwọ̀ dúdú kalẹ̀ ní Èkó. Báǹkì náà wó láàrín ọdún kan. Ó tún dá òmíràn sílẹ̀ ní 1931. Ìyẹn náà kò pẹ́ títí. Ojú Tete-Ansa là púpọ̀, kò sí ìyè méjì. Ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà yẹn, kò sí àgbà kan tó ti ṣe báǹkì nílẹ̀ wa tó lè fà á létí. Àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ ni àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ tí wọ́n rí ibi tó ti ṣubú. Ní 1933, Dókítà Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, ìyẹn sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tete-Ansa san owó ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹlòmíràn gba ìwé ẹ̀rí. A kì í ka ìyẹn sí ìyà tó jẹ ẹ́ lásán. Ọ̀gá ni ó jẹ́ fún wọn, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Ní Dandora, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Nairobi ní Kenya, àwọn olùwádìí kan kó àwọn obìnrin tí òwò wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún jọ. Wọ́n rán àwọn kan lọ sí kíláàsì ìmọ̀ òwò. Wọ́n sì fa àwọn kan lé ìyá oníṣòwò tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní àdúgbò kan náà lọ́wọ́, fún oṣù kan péré. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ni pé kíláàsì kò fi nǹkan kan kún èrè. Àwọn tó ní ìyá oníṣòwò lẹ́yìn, èrè tiwọn fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé ti àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan fún. Kí ni àwọn ìyá náà kọ́ wọn? Ohun tó pọ̀ jù ni ibi tí wọ́n ti lè ra ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí àárín wọn sì já, tí wọn kò rí ara wọn mọ́, èrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Láti 2015 ni Tony Elumelu, ẹni tí àwa ará báǹkì mọ̀ bí ẹni mowó, ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ní 5,000 dọ́là lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àti olùtọ́nisọ́nà. Ètò tó dára ni, a sì ń rọ àwọn ọmọ wa kí wọ́n máa forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, olùtọ́nisọ́nà tó wà lórí fóònù láti ìlú mìíràn kò lè mọ ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun tó dín owó ní Ifẹ̀. Ẹnìkan láàrín wa ló mọ ìyẹn.

Ní agbègbè Orígbó níhìn-ín, ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì. Ní Ìpetumodù, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ìkòkò mímọ, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ amọ̀. Télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, gbogbo wọn ló ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ohun tó ń dùn wá ni ọ̀nà tí ó gbà ń parí. Òbí á san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ á sìn, ọjọ́ fríídọ̀m á dé: aṣọ ẹgbẹ́, kánópì, gbohùngbohùn, màlúù tàbí ewúrẹ́ bí agbára bá ṣe mọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ wo àwọn Ìgbò. Nínú ètò tiwọn, ọmọ kì í sáàbà san owó; ó ń sin ọ̀gá fún ọdún tí wọ́n jọ dá, bí ó bá sì pé, ọ̀gá ló máa fún un ní owó tàbí ọjà láti fi dúró. Ìyẹn ni wọ́n fi kún ọjà Aláàbà. Kì í ṣe pé ètò wọn kò ní àbùkù. Ọ̀gá kan lè rí ẹ̀sùn kà sí ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọdún bá ku díẹ̀ kó pé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn, àwọn Òṣómàáló àti àwọn ará Gánà wa ṣe é rí. Àwa ni a jẹ́ kó bọ́.

Ní ìgbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, púpọ̀ nínú wa ṣì ń wá ẹni tó máa gbà wá sẹ́nu iṣẹ́. Lónìí, a ti lé lógójì ọdún, ọ̀pọ̀ wa sì ti ní ṣọ́ọ̀bù, oko, ọkọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́. Àwọn kan nínú wa wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Amẹ́ríkà. Àwa ni ọ̀gá tí à ń wá. Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, a ṣí ìwé kan tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, iye ọmọ tó lè gbà, àti ọdún tí yóò fi gbà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi yóò kọ bóyá àwọn lè gba ọmọ tó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye, tàbí bóyá ọjà ni wọn yóò máa fi ránṣẹ́ sí i kó tà.

Ohun méjì ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Èkíní ni ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọmọ náà ní ọdún àkọ́kọ́: àpò ẹgbẹ́ ni, òbí ni, tàbí ọ̀gá. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá sọ ọmọ di ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń fọ ọkọ̀ tó sì ń ra ọṣẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò pe ọ̀gá náà sí ìjókòó, nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ wa ni òun náà? Ìwé náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ní tábìlì ẹnu ọ̀nà lónìí, pẹ̀lú báírò méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ kan, kó béèrè fún un kó tó lọ jókòó jẹun.